Wákàtí Ti Tán, Ìkíni Kò Tíì Parí

Ìkìrun,
11 oṣù kìn-ín-ní, 1999.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ọdún yìí á tura fún wa o. O kú òtútù tí Margaret ọ̀rẹ́ rẹ ní ó ń wọ ènìyàn léegun ní Leeds níbẹ̀, o kú iṣẹ́ alẹ́, o kú àìrójú. Ìyá rẹ kí ọ. Motọ́láyọ̀ àbúrò rẹ kí ọ láti Inisa. Àwọn àgbà ìjọ kí ọ. Alhaja Hameedat tó bá wa pààlà náà ní kí n kí ọ, ó ní bí n kò bá kọ orúkọ òun, òun á mọ̀. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi tó ti ní òun ò bá mi lọ sí ìṣọ́ òru mọ́.

Kọ̀ǹpútà tí o fi rán Margaret ti dé láti ìgbà Kérésìmesì. Orí itan ló gbé e sí láti Èkó. Àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì sì wá láti Òṣogbo bí o ṣe ṣètò rẹ̀. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ tẹlifóònù wa, ó pariwo bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn, wọ́n ní ó ti wọlé nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ọ̀gá wọn ní ètò olóṣooṣù tí o san owó rẹ̀ á gbé wa dé òpin oṣù. Kò gbé wa débì kan. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. N ó tẹ̀ ẹ́, n ó lọ wẹ̀, n ó mu ẹ̀kọ, n ó padà dé, ojú rẹ̀ á ṣì funfun báláú. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá. Mo pè wọ́n ní Òṣogbo, ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn bí ẹni tí mo jí lójú oorun. Ó ní wákàtí tó wà nínú ètò wa ti tán, àti pé bí wákàtí bá ti ń lọ sópin ni àwọn máa ń dín eré rẹ̀ kù. Mo ní kí ni mo fi wákàtí náà ṣe? Ọmọ mi ni mo ń kí. Mi ò tíì kí i tán.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé kálámù nìyí. Mo ti fi í ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọlọ́rundáre, ọmọ Ọlánípẹ̀kun ní Òkukù. Ilé ìwé kan náà ni òun àti Motọ́láyọ̀ ti ń kọ́ni ní Inisa. Bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ ọmọ wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, àgbẹ̀ gidi ni bàbá náà, kò sì ní ẹnu méjì. Mo gbà wọ́n lálejò, mo fún wọn ní obì, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé mi ò lè ṣíhùn. O mọ̀ bó ṣe rí nínú ilé wa. Àbúrò kì í ṣíwájú ẹ̀gbọ́n wọlé ọkọ láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n fi ẹnu ara rẹ̀ ní kó máa lọ. Ìwọ ni àkọ́bí. Bó o ṣe jìnnà tó yẹn, ìwọ náà ni.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, sọ tẹnu rẹ. Má pẹ́.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Tímótì Adérógbà.


Leeds,
2 oṣù kejì, 1999.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màámi. Ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrora orúnkún. Ẹ bá mi fi ògì tó gbóná sílẹ̀ fún ara yín láàárọ̀, kí ẹ sì fi ìṣọ́ òru sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún wọn ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ bá mi kí Alhaja, mo rí orúkọ wọn.

Lẹ́tà yín dé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bàbá, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ni kí ẹ so ó mọ́ tẹlifóònù. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ tán, kí ẹ kà á, kí ẹ ṣe àtúnṣe tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ pa á. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, wákàtí ń lọ, yálà ẹ sọ̀rọ̀ tàbí ẹ ò sọ.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí mo ra tèmi níbí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé ìpolówó pé kò ní òdiwọ̀n. Oṣù ò tíì dé ìdajì, wọ́n kọ̀wé sí mi pé mo ń lò ó jù. Mo pè wọ́n, mo bi wọ́n pé báwo lèèyàn ṣe ń lo ohun tí kò ní òdiwọ̀n jù. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n fi orin sí mi létí, mo dúró títí tíì mi fi tutù, tẹlifóònù já. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ní kí n jókòó kọ nǹkan sí yín, bí ẹni tó ń fa ọmọ ológbò gba abẹ́ ilẹ̀kùn ni. Mi ò lágbára àti bá wọn jà mọ́. Láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé ọ̀dọ̀ èkejì ni mo ń fi ẹsẹ̀ mi rìn lálaalẹ́. Bí mo bá délé, bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ rí.

Ní ti Motọ́láyọ̀, ọ̀rọ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ti fi èsì kékeré ránṣẹ́ kí lẹ́tà yìí tó bọ́ sọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n kó ọkàn mi jọ. Páàsìpọ́ọ̀tù mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba níbí, nítorí ìwé ìgbélùú. Lọ́yà ní kí n má retí rẹ̀ kó tó di oṣù kọkànlá. Títí dìgbà náà, mi ò lè jáde. Ẹ bá mi dì mọ́ Màámi.

Ọmọ yín,
Olúrẹ̀mí.


Ìkìrun,
13 oṣù kejì, 1999.

Olúrẹ̀mí,

Mo kí ọ. Èmi kí ọ o, nítorí ọmọ tí a tọ́ ní ilé ìkíni lèmi.

Lẹ́yìn tí a dúró dè ọ́ títí, tí mo bẹ ilé iṣẹ́ Òṣogbo kí wọ́n ṣí wa fún oṣù tuntun, ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Mo pe ìyá rẹ, ó fi aṣọ nu ọwọ́ wá láti ibi tó ti ń gún iyán. Mo pe Alhaja Hameedat. Mo wọ awò ojú mi. Ohun tí a kà nìyí: “Bàbá, mo ti rí i. Màá fèsì. Rẹ̀mí.”

Ìyá rẹ ní, “Ta ló kú?” Ní ilé wa níbí, ẹni tó ń ru ìròyìn òkú nìkan ló ń wọlé láìkíni. Kò sí ẹ kú, kò sí ara yín le bí, kò sí Màámi ńkọ́. Ìyá rẹ ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà sórí omi nítorí ọmọ òun tó wà lókè òkun. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí o ò kí wa yẹn, kò sí pẹ̀lẹ́ kankan níbẹ̀.

Mo ti rò ó, mo ti tún un rò. Inú ló ń bí ọ. O gbọ́ pé àbúrò rẹ fẹ́ ṣíwájú rẹ, ó dùn ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ sí mi lójú bí o ṣe máa ń sọ ọ́ ní kékeré. Mi ò ní na ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ yẹn máa gbé láàárín ọ̀run àti ayé. Ó sunkún sí ìyá rẹ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń sú àwọn ará Òkukù. Ọlánípẹ̀kun bi mí níwájú ènìyàn pé ṣé ọmọ mi tó wà ní ìlú òyìnbó ni olórí ẹbí wa ni.

Ohun tí mo ti bá wọn fi ẹnu kò sí nìyí. Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, lẹ́yìn Àjíǹde, ni a ó ṣe ìṣíhùn. Gbogbo wa á jókòó ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà á wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ rẹ á wọlé, n ó sì kà á sí wọn létí. Bí o bá ní kó máa lọ, a ó ṣíhùn. Mi ò fẹ́ lẹ́tà. Lẹ́tà ti gbó kó tó dé. Tẹlifóònù sì nìyí, bí wọ́n bá ti òkè òkun pè wá sórí rẹ̀, ariwo òjò là ń gbọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ tòní, kí wọ́n rí i pé ìwọ náà jókòó tì wá.

Bàbá rẹ.


Inisa,
1 oṣù kẹta, 1999.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé ẹlòmíràn. Mo ní kí n yára kọ èyí kí aago tó lù fún ẹ̀kọ́ ìkẹyìn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo bí oyin, ẹ má bínú bí ìwé mi bá wọ́.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí Bàbá dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n ti bínú kọ tiwọn tán. Wọ́n ti rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ tán kí wọ́n tó ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbà. Mo ti Inisa délé ní Jímọ̀, mo bá wọn níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n dé fìlà. Mo ní, “Bàbá, ibo lẹ ń lọ?” Wọ́n ní, “Ṣé orí òfìfo ni n ó fi kí ẹ̀gbọ́n rẹ?” Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kí yín, wọ́n kì yín dé orí ìyá tó bí bàbá wọn, wọ́n bèèrè ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, wọ́n bèèrè obìnrin aládùúgbò yín tó ṣubú lulẹ̀ níjọ́sí. Kí wọ́n tó dé ibi ọ̀rọ̀, ó ti ń fà. Mo ní, “Bàbá, ẹ pa á ná.” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi tí mo ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀? Ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹ̀ lójú?” Mo ní ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní bí ẹ bá dé, kí ẹ bá a ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ sùn. Ibẹ̀ ni wákàtí ń gbà lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò fi wo nǹkan kan. Ṣíṣí ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ dè yín. Ọmọbìnrin Òṣogbo yẹn ti mọ ohùn wọn, bí wọ́n bá ti pè, ẹlòmíràn ló ń gbé e fún.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ni mo fẹ́ kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi. Mo fẹ́ràn Ọlọ́rundáre. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kò sì lẹ́nu dídùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń gbọ́ ọ tán. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ kan wà ní Igbaye tí ẹbí rẹ̀ ò le tó báyìí. Ọlọ́rundáre ní òun ò gbọ́. Mi ò mọ ìgbà tí á gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí. Ẹ̀yin lẹ rán mi níwèé. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n wọ ilé ọkọ kí ojú yín sì kọ́rẹ́ sí mi. Ẹ bínú sí mi, ẹ bú mi, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣáà fèsì.

Aago ti lù.

Àbúrò yín,
Motọ́láyọ̀.


Leeds,
22 oṣù kẹta, 1999.

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, kí ẹ gba èyí tó bá bá àkókò tí lẹ́tà yìí dé mu. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ dárí jì mí. Mo gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú nítorí kí wákàtí yín má bàa tán, mi ò mọ̀ pé màá fi dá ààwẹ̀ sí Màámi lọ́rùn. Kò sí òkú kankan. Ara mi le. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ẹ sọ fún Motọ́láyọ̀ pé inú ò bí mi sí i. Mo ti ka lẹ́tà rẹ̀, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di gèlè, kí ni màá máa bínú sí i fún? Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn mi, kò sì rọrùn fún mi láti kọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí tákàdá, mo ti ya á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọjọ́ ìṣíhùn bí ẹ ṣe fẹ́. Mo ti tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mi ò ní sùn, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà mi níbí láti àárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá kí gbogbo ènìyàn. Ẹ ò ní rí ẹni tí mi ò kí.

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí oṣù kẹrin bá ti wọlé, ẹ má ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn rárá títí di Sátidé náà. Ẹ da aṣọ bò ó. Bí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́, wákàtí á ti tán kí àlejò tó dé, eré rẹ̀ á sì ti kú. Ẹ ṣe é nítorí mi.

Ọmọ yín,
Rẹ̀mí.


Ìkìrun,
26 oṣù kẹrin, 1999.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Adérógbà, ọmọ tó jìnnà tí kò jìnnà sí mi,

O kú oríire. O kú àṣeyẹ. Orí rẹ á ṣe tìrẹ náà. Ìyá rẹ ń jó nínú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí. A ti ṣíhùn.

Jẹ́ kí n rò fún ọ bó ṣe lọ. Àwọn ará Òkukù pẹ́ dé, bọ́ọ̀sì wọn dúró sí Inisa, wọ́n ní ẹ̀ńjìnnì gbóná. Iná ọba ò sí, Alhaja Hameedat gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún wa, ó sì jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan án. Pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ó pariwo, ó wọlé, ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú rẹ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo da aṣọ bò ó bí o ṣe wí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń ká aṣọ náà, mo ń ní kí n kàn wò bóyá o ti sọ nǹkan. Bó bá jẹ́ ìwọ ni bàbá, wàá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìlà kan, a dúró, ìlà kan, a dúró. Mo ń kà á sókè bó ṣe ń dé. “Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá.” Wọ́n dáhùn. A dúró. O kí mi, o kí ìyá rẹ, ó sunkún. A dúró. O kí Alhaja, ó ti ẹ̀yìn fèrèsé dáhùn. A dúró pẹ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn lọ tọ̀, ó padà dé. Lẹ́yìn náà ó mú èyí wá: “Bàbá Ọlánípẹ̀kun, àti gbogbo ẹ̀yin àna wa láti Òkukù, mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ̀.” Wọ́n ní àṣẹ. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni: “Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi nìyí.” Ibẹ̀ ló kú sí.

A wò ó, a wò ó. Motọ́láyọ̀ dojú bolẹ̀. Mo pa á, mo tún un ṣí, kò gbà mí. Wákàtí ti tán. Mo pe Òṣogbo, kò sẹ́ni tó gbé e, ọjọ́ Sátidé ni. Òógùn bò mí. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ojú ti tì mí báyẹn níwájú àlejò.

Ọlánípẹ̀kun ló gbà wá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Adérógbà, jókòó. Ọmọ rẹ pè wá ní àna. Ṣé èèyàn máa ń pe ẹni tí kò fẹ́ ní àna ni? Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ wá, kò ní fi gbogbo ọjọ́ kí wa báyìí.” Gbogbo ilé hó. Ìyá rẹ ní òótọ́ ni. Mo wo Motọ́láyọ̀, mo rí ojú rẹ̀, mi ò lè dá a dúró mọ́. Mo ṣíhùn. Àbúrò rẹ kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé.”

Àdúrà ni mo mọ̀ pé ó kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Kọ ọ́ sórí tákàdá fún wa, a ó ṣe àmín rẹ̀.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Tímótì.


Leeds,
17 oṣù karùn-ún, 1999.

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń retí kí ẹ sọ nǹkan. Nígbà tí lẹ́tà yín dé ni mo tó mọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Ọlánípẹ̀kun, àgbà ni wọ́n.

Ẹ bá mi dì mọ́ Motọ́láyọ̀. Ẹ ní kó máa lọ, kó lọ ire. Mo ń wá aṣọ tó dáa fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, àdúrà ló kù níbẹ̀. Àdúrà lásán ni, Bàbá. Ọlọ́run ti gbọ́ ọ, kò nílò kí n tún un kọ.

Mo ti fi ètò íńtánẹ́ẹ̀tì mi níbí sílẹ̀. Wọ́n tún fi owó lé e, wọ́n sì tún dín eré rẹ̀ kù. Mi ò bá wọn jà. Ó ti sú mi.

Ọmọ yín,
Rẹ̀mí.


Ìkìrun,
9 oṣù kẹfà, 1999.

Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Èmi nìkan ló ń kọ lẹ́tà yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi bá ẹnikẹ́ni kí ọ.

Nígbà tí oṣù karùn-ún wọlé, ilé iṣẹ́ Òṣogbo ṣí wa padà. Ìyá rẹ ti lọ sọ́jà. Mo ní kí n ka àdúrà náà. Ó wọlé kíákíá, nítorí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo kà á, mo tún un kà. O mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o mọ̀ pé mo rí i. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Ẹ má tíì ṣíhùn. Mi ò bínú sí Motọ́láyọ̀, ọkùnrin náà wù mí fún un. Ṣùgbọ́n mi ò sí nílé nígbà tí Ìyá Àgbà kú, mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n fi Bàbá joyè nínú ìjọ. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa, ìgbà tó bá ti parí ni mò ń gbọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró dè mí, kí n fi ojú mi rí i. Kò ní pẹ́.”

Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìyá rẹ fi ti ọjà dé, ó ní kí ló dé tí mo fi fìlà sọ́wọ́.

Mi ò kọ̀wé sí ọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí n dúró gbọ́ ohun tí wàá sọ. Lẹ́tà rẹ dé, o ní àdúrà lásán ni. Ọmọ mi, o ṣé. Ìwọ lo tọ́ àbúrò rẹ, o ò sì fẹ́ gba ayọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó dùn mí dé ibi tí mi ò lè fi hàn ọ́. Èmi tí mo ní kí o jókòó tì wá, n kò dúró kí o sọ̀rọ̀ tán.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi í jẹ́ tọmọ. Ọlánípẹ̀kun wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti gba ọjọ́ ìdána àti ìgbéyàwó. Oṣù kẹjọ ni wọ́n fẹ́. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kí ló tún dé? Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ mi kò tíì wọlé tán. Ó ní, “Láti oṣù kẹrin?” Mo ní, “Ṣé ìwọ náà ò rí bó ṣe ń rìn lọ́jọ́ náà ni?” Ó ní òun rí i. Mo ní àwọn ará Òṣogbo ní ètò tí a rà kò lágbára, pé bó ṣe ń fà yìí, ó di oṣù kejìlá kó tó dé. Ọkùnrin náà mi orí títí. Ó ní, “Íńtánẹ́ẹ̀tì yìí burú o, Adérógbà.” Mo ní ó burú gan-an ni. Ó gbà. Ọlọ́rundáre náà gbà. Motọ́láyọ̀ ò mọ ìdí rẹ̀. Ìyá rẹ fura, ṣùgbọ́n ó ń wò mí lásán ni. Wọ́n ti mú ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá.

Nítorí náà, lọ bá lọ́yà rẹ. Bí páàsìpọ́ọ̀tù bá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má kọ̀wé, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Wọ ọkọ̀. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ ìyókù fún wa ní pálọ̀ yìí, bó bá gbà ọ́ ní gbogbo ọjọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, àgbà ìjọ tó ń purọ́ lọ́jọ́ ogbó,
Tímótì Adérógbà.